Onílé Inú Tirela

Ilẹ̀ ti ń ṣú nínú ọgbà ọkọ̀ ní Hamburg nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn orí tirela àlòkù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Bí ìṣe mi, mo ní, "Àgò onílé o!"

Ìjókòó awakọ̀, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé ró, mí fíìì, ó sì rọlẹ̀ bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Láníyọnu tó mú mi wá fà mí láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wá òmíràn."

"Òmíràn kẹ̀? Èyí tí mo ta ilé torí ẹ̀?" Mo kọjú sínú ọkọ̀. "Bàbá, ẹ dìde. Èmi ni mo ń wà á."

Ìjókòó náà rọra gòkè padà. Mo gùn ún, mo jókòó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìjókòó kejì mí fíìì, ó rọlẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ sì fa ara rẹ̀ jáde.

"Ó dáa," mo ní. "Ẹ má ṣáà fọwọ́ kan sitiárín mi."