Lẹ́tà Ẹni Tó Da Iṣẹ́ Kọ

"Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wí, ṣùgbọ́n etí ikún ni ìgbìmọ̀ kọ sí i. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó wà níwájú wọn. Alága ò tilẹ̀ ṣí i.

"A ti gbọ́. Lọ jókòó síta."

Ìdí rẹ̀ ò tíì kan bẹ́ǹṣì tí akọ̀wé fi gbé lẹ́tà jáde. Lẹ́tà náà ní ìgbìmọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n rí i pé ó da iṣẹ́ ẹlòmíì kọ láìyí nǹkan kan padà, wọ́n sì ti lé e kúrò nílé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún un kà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ ẹlòmíì ló wà níbí. Wọ́n tún ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́, òfin sì ni mò ń kà."

Akọ̀wé gba lẹ́tà náà, ó wò ó, ó pòṣé.

"Lẹ́tà ti èṣí la máa ń dà kọ fún gbogbo yín. Mo gbàgbé láti yí orúkọ ni."

Ó fi bírò fagi lé orúkọ náà, ó kọ ti akẹ́kọ̀ọ́ sókè rẹ̀, ó sì na bírò sí i.

"Fọwọ́ sí i níbí pé tìẹ ni."