Yànmọ̀tí Tí Wọ́n Fà Tu

Igbá méjì yànmọ̀tí ni Mlumun fọ́n sórí ilẹ̀ tí igbá kan ìbá tó. Ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù. Ukange ọkọ rẹ̀ ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Àwọn dókítà ní Makurdi ní àfi iṣẹ́ abẹ. Oko yìí nìkan ni Mlumun gbójú lé, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú rẹ̀.

Yànmọ̀tí hù bí irun orí. Ìyá Ukange, tó ti ń gbìn ín kí wọ́n tó bí Mlumun, dúró létí oko, ó ń mi orí.

"Ìyàwó mi, ó ti há jù. Gígùn lásán ni yóò máa gùn, kò ní í yọ ẹ̀ka, kò ní í léso. Fa ìdajì rẹ̀ tu."

"Ìdajì kẹ̀? Màámi, ìwòsàn Ukange lẹ ní kí n fà tu yẹn o."

"Koríko lo máa kórè."

"Ẹ jẹ́ kí n kórè koríko mi."

Ukange ń gbọ́ wọn lábẹ́ ate, àtíbàbà ẹ̀gbẹ́ oko tí wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí lójúmọmọ. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí àìsàn kọ́kọ́ pa mí ná."

"Pa ẹnu ẹ mọ́," Mlumun sọ fún un. "O ò ní í kú."

Ukange yí ojú sí oko.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí yànmọ̀tí hù, oúnjẹ tán nílé. Mlumun lọ bá wọn roko iṣu lókè odò, kí wọ́n lè fún un ní ọkà bàbà díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ju ìdajì yànmọ̀tí rẹ̀ lọ tí wọ́n ti fà tu, ó ti rọ jọ lẹ́bàá oko. Ó wólẹ̀. Ó ń fi ìka gbẹ́ ilẹ̀, ó ń tún wọn rì mọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣubú lulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Màámi! Ẹ ti pa á! Ẹ ti fọwọ́ ara yín pa ọmọ yín!"

Ìyá àgbà ń fi àkísà di ìgúnpá Ukange. Ó ní ọmọ òun yí ṣubú lórí ẹní ni. Ukange sùn, tàbí ó ṣe bí ẹni tó sùn.

Láti ọjọ́ náà, Mlumun kò jẹ oúnjẹ ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ukange kú. Wọ́n fi aṣọ onílà dúdú àti funfun wé e. Lójú sàréè, níṣojú gbogbo ẹbí, Mlumun na ìka sí ìyá àgbà.

"Ẹ bi í léèrè ohun tó fi oko mi ṣe!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá àgbà fa ìborùn bo orí.

Òjò ń rọ̀ lọ. Yànmọ̀tí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ na apá, ó yọ ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, èso sì so mọ́ ọn láti ìdí dé orí. Ti àwọn aládùúgbò tó fọ́n tiwọn há jù rí tẹ́ẹ́rẹ́, atẹ́gùn sì dà á wó. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Mlumun pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn, ó ń gbọn yànmọ̀tí. Ilẹ̀ yẹn kò mú irú rẹ̀ wá rí.

Ó gbé igbá àkọ́kọ́ lọ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Ẹ ṣeun tí ẹ fà á tu."

Ìyá àgbà sọ ọmọ náà kalẹ̀ lẹ́yìn Mlumun, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ní, "Èmi kò fa ẹyọ kan, ọkọ ẹ ló fi àyà wọ́ já oko yẹn fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ títí o ó fi kórè, torí bí o bá mọ̀ pé kò retí Makurdi mọ́, pé ọmọ yìí ló ń roko fún, ìwọ náà á jáwọ́."