Ẹjọ́ Ìwé Ọkùnrin Òfurufú

Ìjókòó márùn-ún ni Ìyá Aránwé gbé sí yàrá iwájú ilé ìtẹ̀wé, ó sì fi àkísà nu eruku ara wọn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Òǹkọ̀wé ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ohun tí àwọn òǹkàwé rí sí ìwé òun, kí òun tó mọ̀ bóyá òun á tún un tẹ̀. Bó bá tún un tẹ̀, iṣẹ́ wà. Bí kò bá tún un tẹ̀, ọ̀gá ti sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀ pé kí ìyá lọ jókòó sílé, nítorí ìwé mìíràn ò sí nílẹ̀. Ta ni yóò sì máa bọ́ ọ nílé? Ọkọ rẹ̀ ti kú.

Òun ló rán ẹ̀dà àkọ́kọ́, igba ìwé, lóṣù tí wọ́n sin ọkọ náà. Ìdì méjìlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ewé tí wọ́n ká pọ̀, ló ń di ìwé kan. Á tò wọ́n sórí tábìlì gígùn, á máa rìn yí i ká, á mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kó wọn pọ̀, á wá ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Òǹkọ̀wé ò jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà sójú ewé; ó ní ayé ẹ̀dá ò ní nọ́ńbà. Ọ̀gá ní ìranù ni, àmọ́ owó kì í ṣe tirẹ̀.

Òǹkàwé mẹ́ta ló dé: Télọ̀, Nọ́ọ̀sì, àti Tíṣà-àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Òǹkọ̀wé jókòó sí igun, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Ọ̀gá jókòó tì í. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má bínú o,” Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, “ìwé yìí fọ́ mi lórí. Ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ lọ sí òfurufú. Ó dáa. Ó kú sọ́hùn-ún, wọ́n ju òkú rẹ̀ sínú òkùnkùn. Ó ṣì dáa. Mo ṣí ewé, ó ń bèèrè omi mímu! Bí mo bá rán aṣọ báyìí, tí mo so apá mọ́ ibi ẹsẹ̀, oníbàárà á gbá mi létí.”

Tíṣà-àgbà ṣe ṣìọ̀. “O fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ fún ọ kó o kàn gbé e mì. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà! Láàárín ìràwọ̀, àná ò ṣáájú ọ̀la. Ìgbà kì í ṣe ojú ọ̀nà, yàrá ni. Ibi tó bá wu èèyàn ló lè gbà wọlé. O ò rí ibi tí gbólóhùn ti já ní ìdajì? Bí èémí ṣe ń já mọ́ ni lẹ́nu nìyẹn.”

“Bàbá, gbólóhùn tó já, ó já ni.”

“Orí ẹ ló já!”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kọ̀ ọ́, ẹnì kan gbà á. Ó ku ẹyọ kan. Ó ń wo ẹnu Nọ́ọ̀sì bí ẹni ń wo ẹnu adájọ́.

Nọ́ọ̀sì gbé ìwé náà lé itan. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú fún àìsùn. “Èmi ò mọ ti ìràwọ̀,” ó ní. “Àwọn tí èèyàn wọn kú lọ́wọ́ wa ni mo mọ̀. Lónìí, olóògbé kú. Lọ́la, wọ́n á ní ó ń bèèrè omi. Lọ́tùnla, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéyàwó. Kò sí èyí tó ṣáájú lójú wọn. Mo ka ìwé yìí, mo sunkún. Ẹni tó ṣe é báyìí, ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́ rí.”

Ìyá fi etí aṣọ nu imú. Kò lè ka ìwé kọjá orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí yé e.

“Ó dáa,” Télọ̀ kùn, “bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, màá tún un kà.”

“Ṣé ẹ ò ní ṣàlàyé fún wọn ni?” ọ̀gá bi òǹkọ̀wé.

“Àwọn ló ṣàlàyé fún mi. Ẹ bá mi tẹ ẹgbẹ̀rún kan.”

Nígbà tí àwọn òǹkàwé lọ, tí ọ̀gá sìn wọ́n dé ìta, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìjókòó jọ. Òǹkọ̀wé bá a níbẹ̀, ó fẹnu sí i létí.

“Ìyá mi,” ó ní wúyẹ́wúyẹ́, “ìdì karùn-ún tí ẹ fi ṣáájú ìkejì, àti ìkọkànlá tí ẹ ṣì kó sáàárín, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe rán gbogbo ẹgbẹ̀rún yìí, kí ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi kọ́ ni mo tò ó bẹ́ẹ̀.”