Aṣọ Àwìn Agẹmọ

Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó bà lé Agẹmọ, gbajúmọ̀ tí kì í wọ aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀lọ́ òṣómàáló, aláṣọ tí í lóṣòó gba gbèsè, ló ń ta aṣọ fún un láwìn.

Ọ̀pọ̀lọ́ á ní, "Ẹ mú un lọ, bàbá wa. Ta ló ń béèrè owó?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ọ̀pọ̀lọ́ wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà Agẹmọ, ó ń kọrin:

Mo lóṣòó, n ò ní dìde,
Àwìn dùn!
Agẹmọ, sanwó aṣọ,
Àwìn dùn!

Agẹmọ ò lè jáde wá oúnjẹ. Ebi ń pa á, ó kúnlẹ̀: "Olúwa, ṣílẹ̀kùn fún mi!"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé Olúwa ló lóṣòó síta ni, baálé mi? Ẹ kó aṣọ fún aláṣọ jàre."

Ọ̀pọ̀lọ́ kó gbogbo rẹ̀, kò ṣẹ́ku òwú kan. Agẹmọ jáde níhòòhò, ojú ń tì í. Ó gorí ewé, ara rẹ̀ di ewé. Ó gorí èèpo igi, ara rẹ̀ di èèpo.

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín: "Háà! Olúwa ti dáṣọ fún yín kí Ọ̀pọ̀lọ́ tó dé ọjà!"

Láti ìgbà náà ni Agẹmọ ti ń ronú kó tó gbẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ṣì lóṣòó ní tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà àwa ajẹgbèsè tí à ń gbàdúrà ilẹ̀kùn ṣíṣí ló wà báyìí.