Ìlà Kẹfà

Yìnyín já wáyà ńlá méjì lórí òkè, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tó ń gbé iná wọ ìlú Brezovets. Ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì wá pín ìlú sí ìlà mẹ́jọ, wọ́n ń pa wọ́n ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Gáàsì ń wọlé o, àmọ́ ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Kò ya àwọn àgbà lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà ìjọba àtijọ́ náà nìyẹn. Àbẹ́là kì í tán nílé wọn.

Tsvetana Gencheva ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Òun ló ń pa ìlà, òun ló ń tàn án, òun náà ló ń gbé fóònù. Plamen, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, jókòó sí òdìkejì, ó ń mu kọfí, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́.

"Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí jẹ́ ti ìlú," ni Plamen wí, "ẹni tó bá ní èèyàn níbí kì í rí òkùnkùn. Nígbà tó di ti ìjọba, wáìnì ìgò kan ti tó. Àwọn àjèjì tó rà á yìí ni kò gba gbẹ̀rẹ́. Ìyá ìyàwó Stoyan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí kàn pè láti tọrọ iná ni, wọ́n gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ọjọ́ kejì ni Stoyan dèrò ilé. Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyá ìyàwó ẹni pè wá o!"

Tsvetana ò rẹ́rìn-ín. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún.

"Ẹ káàsán, màdáámù. Krastyo Minchev ni mò ń jẹ́, òpópónà Strandzha, nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìlà kẹfà ló kàn?"

"Òun ló kàn, Bàbá. Aago kan sí aago mẹ́rin."

"Ẹ̀rọ ni ìyàwó mi fi ń mí. Bátìrì rẹ̀ ò lè ju wákàtí méjì lọ."

"Ṣé orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn aláìsàn tí a kì í pa iná wọn?"

"A ti kọ ọ́ láti oṣù tó kọjá. Wọ́n ní ó ku òǹtẹ̀ láti olú-ìlú."

"Ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn, Bàbá."

"Mo ti pè é. Yìnyín ò jẹ́ kó lè gun òkè." Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ ti jẹun, màdáámù?"

"Mo ti jẹun, sà."

Kò tíì jẹun. Ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá wọn, Ẹnjiníà Dobrev, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí ìlà mìíràn ṣáájú ìkẹfà.

"Ilé ta ni kò sí ìyá àgbà?" ni Dobrev wí. "Tá a bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo ìlú ló máa pè. Àbí o mọ̀ wọ́n ni?"

Tsvetana ní òun kàn béèrè ni.

Nígbà tí aago kan lù, ó nawọ́ sí bọ́tìnnì ìlà kẹfà, ó sì tún fà á padà. "Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù bọ́tìnnì?" ni Plamen wí. Tsvetana tẹ̀ ẹ́.

Aago méjì ààbọ̀, fóònù tún dún.

"Bátìrì ti ń tan iná pupa, màdáámù."

Plamen na ọwọ́. "Gbé e wá, jàre. Àwọn arúgbó yìí máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn."

"Fi mí sílẹ̀." Ó yí padà sí fóònù. "Bàbá, ẹ gbé orí wọn sókè. Ẹ máa fọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn."

"Mo ti ṣe é. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun. Màá gbé fóònù sí i létí."

Tsvetana wo ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé iná ọjọ́ náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìlà kìíní, ọjà àti ibùdókọ̀ ojú irin, yóò tàn ní aago mẹ́rin. Ìlà kejì, afárá àti ilé ọlọ́, yóò wà ní títàn." Ó kà á dé ìlà kẹjọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni Plamen wí. "Ta lò ń kà á fún?"

"Oníbàárà."

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló ń kà á lọ nígbà tí ohùn ọkùnrin náà padà dé.

"Ó ti tó, màdáámù. Ó ti sùn."

"Bàbá..."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Ẹ parí iṣẹ́ yín dáadáa." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Aago mẹ́rin, Tsvetana tan ìlà kẹfà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n pa á lásìkò, wọ́n tàn án lásìkò, kò sí àléébù.

Nígbà tó di aago márùn-ún, ó fẹsẹ̀ gun òkè Strandzha nínú yìnyín, ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn nọ́ńbà kẹtàdínlógún, bàbá rẹ̀ sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ti fi aṣọ bo òkú sí, ó ní, "Kí n tó gbé fóònù sí ìyá rẹ létí, ó ní n kò gbọdọ̀ pè ọ́ ní ọmọ, kí wọ́n má baà lé ọ níbi iṣẹ́."