Aláṣọ Funfun Tó Mọ Ẹgbẹ́ Al-Hujun

Ohun tó ń da Abdulateef láàmú ni pé kò sẹ́ni tó mọ àwọn ará Al-Hujun. Ó mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Jeddah bí ẹní mowó. Ó mọ gólì tó máa ń tòògbé, ó mọ ẹlẹ́yìn tó máa ń tètè bínú. Ṣùgbọ́n Mẹ́kà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Al-Hujun wà, ọdún yìí ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìdíje. Gbogbo ẹni tí wọ́n pàdé ni wọ́n ti nà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ní Mẹ́kà, Abdulateef àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló kàn, ẹni tí wọ́n bá sì nà á lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé bí wọ́n bá fìdí rẹmi, pápá tó wà ní Karantina yóò di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Abdulateef, tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ló bẹ̀bẹ̀ gba pápá yìí. Òun ló ṣa òkúta inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ olùkọ́ àti bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ kan tí wọ́n tún mọ̀ ọ́n mọ́ ni kíkọ́ àwọn Yorùbá tó bá wá ṣe Umrah bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ hárámì, aṣọ funfun méjì tí kò lójú rírán. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ òfin rẹ̀ tó o: ọkùnrin tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ borí, kò gbọdọ̀ gé èékánná.

Ó ti lọ ṣe amí ní Al-Hujun lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló wọ̀ lọ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sì fi ọ̀nà ilé hàn án. Adédọ̀tun ọ̀rẹ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ èbúté, ní ká ní òun kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì tí wọn kì í jẹ́ kó wọ Mẹ́kà ni, òun ì bá bá a lọ, òun ì bá sì wọṣọ tó bójú mu.

Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ ń gbáradì, nígbà tí ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù rọra rìn dé. Aṣọ funfun kan wà nídìí rẹ̀, òmíràn wà léjìká rẹ̀. Ó tọrọ omi. Ó ní òun ń dúró de ọkọ̀ Mẹ́kà.

Abdulateef dìde fún un lórí àga. Ó ní kí wọ́n lọ ra ìrẹsì àti adìyẹ wá kíá. Kò bi í ní orúkọ. Ta ni í yọ àlejò Ọlọ́run lẹ́nu? Adédọ̀tun sọ ọ́ sí i létí pé Àlàájì yìí ń ta sánsán o.

“Ìbùkún nìyẹn,” ni Abdulateef wí.

Bí àlejò ti ń jẹun ló mẹ́nu bà á pé Al-Hujun ni ilé òun. Abdulateef fa Adédọ̀tun sẹ́yìn.

“Dọ̀tun, ẹran ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ìkòkò.”

“Ẹran wo?”

“Ẹni tó bá wà nínú hárámì kò gbọdọ̀ purọ́. Ohunkóhun tí mo bá bi í, òótọ́ ni yóò sọ.”

“Ṣé ìrẹ́jẹ kọ́ nìyẹn?”

“Ìmọ̀ ni.”

Wọ́n padà sọ́dọ̀ àlejò. Oòrùn mú, ó sì ti fa aṣọ èjìká rẹ̀ borí. Gbogbo ohun tí Abdulateef bi í ló dáhùn. Gólì wọn ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù òkè. Bó bá ti rí i lófuurufú, ojú ló ń dì. Àwọn ẹlẹ́yìn wọn wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Bọ́ọ̀lù kan yí wá sáàárín àga wọn, àlejò fi àtẹ́lẹsẹ̀ dá a dúró, ó sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Abdulateef kò wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ gólì sí.

Ó wá ku ti Mutaz, nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn, tí gbogbo ìlú ń pariwo rẹ̀. Àlejò mú ohun ìgé-èékánná jáde nínú àpò ìbàdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, yá ammi,” ó pè é bí Lárúbáwá ti ń pe àgbà. “Wallahi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dì í.”

Díẹ̀ ló kù kí Abdulateef dì mọ́ ọn. Àlejò kàn béèrè, nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì dé, báwo ni wọn yóò ṣe wá gbá a báyìí. Àìdáhùn yóò jẹ́ àìlẹ́kọ̀ọ́. Abdulateef ṣàlàyé pé òkè ni gbogbo bọ́ọ̀lù yóò máa gbà, àti pé Tawfiq, ẹlẹ́yìn wọn tó le jù, yóò fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ síwájú, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí Mutaz tí yóò máa ṣọ́. Àlejò ní mashaallah. Nígbà tí ọkọ̀ dé, Abdulateef bẹ̀ ẹ́ kó fi àdúà rántí wọn ní Kaaba.

Kóòṣì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù kò jiyàn. Ta ló fẹ́ bá Alfa jiyàn lórí hárámì? Bọ́ọ̀lù òkè ni wọ́n ń gbá títí di Ọjọ́bọ̀, débi pé ọrùn ń dun àwọn ọmọ. Abdulateef lọ bá ọ̀gá àgbà, ó ní kí wọ́n wá ibòmíràn fún ọkọ̀ wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, Mẹ́kà gbóná, inú Abdulateef tutù. Ó pe Adédọ̀tun lórí fóònù kó lè máa wo eré láti Jeddah. Ó ní kó lọ wá mínírà tútù síwájú, ayọ̀ ń bọ̀.

Àwọn ará Al-Hujun ń jáde bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Abdulateef na fóònù sókè kí Adédọ̀tun lè rí wọn, ẹni tó gbẹ̀yìn, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí wọ́n kọ Mutaz àti mẹ́sàn-án sí lẹ́yìn, fò sókè lẹ́ẹ̀mejì láti na ẹsẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ Abdulateef, ó tẹrí ba, ó ní, “Yá ammi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”