Lékeléke àti Igi Orí Omi

Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà sétí ibú, ó bá Lékeléke nídìí ẹja pípa.

Lékeléke kì í lé ẹja. Ẹja tó bá fẹ́ràn tata, á ju tata sómi fún un. Èyí tó bá fẹ́ràn ẹyìn, á ju ẹyìn. Á wá rọra máa fi orin pè é:

Ẹja ibú, kí lo fẹ́ jẹ?
*Jàǹpala wẹ̀rẹ̀.*
Ohun tó wù ọ́ ló léfòó yìí.
*Jàǹpala wẹ̀rẹ̀.*

Ẹja á yọjú, ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ké láti orí igi: "Baálé mi, mo fẹ́ yé o! Igi mẹ́ta péré ló kù kí ìtẹ́ wa tó pé."

Lékeléke wo odò. Igi gbígbẹ mẹ́ta rèé lórí omi, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n gé e fún. Ó fò wálẹ̀, ó na ẹnu sí i.

Gbàmù! Omi là sí méjì. Àṣé orí Ọ̀nì ni igi wà! Ìyẹ́ ìrù nìkan ló bọ́ sí Ọ̀nì lẹ́nu. Lékeléke bá ara rẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ.

"Bàbá Ọ̀nì, ta ló sọ fún yín pé igi la ń wá?"

"Ta ló sọ fún ọ pé tata ni ẹja ń fẹ́? Gbogbo ọjọ́ tí o fi ń wo ẹja, èmi ń wò ọ́."

Ọ̀nì rọra rì, ó ń kọrin lọ:

Lékeléke, kí lo fẹ́ kó?
*Jàǹpala wẹ̀rẹ̀.*

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ kan ni Lékeléke fi ń dúró létí omi. Ó ká èkejì mọ́ra kí wọ́n má baà gbé e, nítorí kò mọ ẹni tó ń wo òun lábẹ́ omi.